Ìbọn Tó Ń Ki Ara Rẹ̀

"Ẹran tí kò sáré rí, kí ló fẹ́ fi dùn?"

Ohun tí bàbá ọkọ mi bi mí nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa ní Balbriggan, lẹ́bàá Dublin nílẹ̀ Ireland, nígbà tí mo gbé ọbẹ̀ ẹran màlúù síwájú wọn. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n rọra fi ọwọ́ òsì ti abọ́ ẹran sẹ́yìn, wọ́n fi omi ọbẹ̀ jẹ ọ̀kẹ́lẹ̀ ẹ̀bà díẹ̀, wọ́n ní àwọn yó, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú bí mi. Mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àárín ìlú nítorí ẹran yẹn, lọ́dọ̀ alápatà tó wà nítòsí mọ́ṣáláṣí, mo sì gbé e bọ̀ nínú òjò. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í bínú sí bàbá ọkọ ẹni lójúkojú, nítorí náà mo lọ fi ariwo fọ ìkòkò.

Ọdẹ ni Bàbá. Apá Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ṣọdẹ láti kékeré, títí di ọjọ́ tí wọ́n já bọ́ látorí igi tí apá ọ̀tún wọn kò sì lágbára mọ́. Ṣakabùlà ni wọ́n lò, ìbọn àtijọ́ tí èèyàn máa ń da ẹ̀tù sí lẹ́nu, tí á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, tí á yìn ín lẹ́ẹ̀kan, tí á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá, ìyàwó wọn, ló máa ń se ohun tí wọ́n bá pa. Nígbà tí Ìyá kú, ilé di ahoro mọ́ Bàbá lórí. Ọkọ mi nìkan ni ọmọ tó kù fún wọn, ó sì ní òun ò lè fi bàbá òun sílẹ̀ kí wọ́n máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe di ará ilé wa nìyẹn.

Owó ń rìn ní Dublin nígbà náà. Ibi tí o bá rí màlúù lánàá, ilé tuntun ti ń yọ orí níbẹ̀ lónìí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mulhuddart, èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú wọn. A kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n fíríìjì wa kì í ṣófo. Ohun tó wá ń dùn mí gan-an ni pé nínú ilé tí oúnjẹ ti pọ̀ tó báyẹn, ẹnìkan ń rù. Okùn ṣòkòtò Bàbá ń gùn sí i lójoojúmọ́. Adìyẹ, wọ́n ní ó rọ̀ bíi búrẹ́dì. Ẹja, wọ́n ní òtútù ti pa adùn rẹ̀. Dókítà kan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ó ní kò sí àìsàn kankan lára wọn.

"Ẹ wá nǹkan tí wọ́n máa jẹ," ni dókítà sọ. "Bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, òtútù tó ń bọ̀ yìí á wó wọn."

Bàbá fúnra wọn ti ní ká dá àwọn padà sílé. Sílé tá ni? Kò sí ẹni tó máa se omi gbígbóná fún wọn níbẹ̀. Ọkọ mi kì í lè sùn dáadáa mọ́, èmi náà a máa la ojú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, òyìnbó kan tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ ní ká wá gba kábéèjì lóko ẹ̀gbọ́n òun, tí kò jìnnà sí wa. A kó ara wa sínú ọkọ̀, Bàbá níwájú, èmi àti ọmọbìnrin wa lẹ́yìn. Bí a ṣe dúró lẹ́nu géètì, Bàbá tó ti ń tògbé gbé orí sókè, wọ́n sì jókòó gbọnrangandan. Mi ò rí wọn kí wọ́n jókòó báyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

"Ehoro," ni wọ́n wí. "Ẹ wò wọ́n. Kò sí ẹni tó ń pa wọ́n ni?"

Lóòótọ́, ehoro kún ẹsẹ̀ ọgbà náà bí ẹni dà wọ́n síbẹ̀. Àgbẹ̀ náà, ọkùnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí afẹ́fẹ́, sọ fún wa pé wọ́n ti jẹ òun run. Ó ní bí a bá ní ìbọn, ká wá nígbàkígbà tó bá wù wá. Nígbà tí a ń padà sílé, Bàbá ń sọ̀rọ̀ ṣáá: bí wọ́n ṣe ń sun ún, bí wọ́n ṣe ń fi ata rodo àti irú sè é, bí Ìyá ṣe máa ń fi itan rẹ̀ pamọ́ fún àwọn. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, owó ló máa ń ná wa.

Nígbà tí a délé, ó tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná.

"Mummy," ó ní, "mo fẹ́ ra ìbọn."

"Ìbọn kẹ̀? Nínú ilé tí mo ti ń tọ́mọ?" Èmi ọmọ Èkó, irú èèyàn méjì péré tó ń gbé ìbọn ni mo mọ̀, ọlọ́pàá àti olè, ọjọ́ míì sì wà tí èèyàn ò ní mọ èwo ni èwo. "Ọmọ ọdẹ, ṣé ẹ ti yìnbọn rí láyé yín ni?"

"Rárá. School ni wọ́n rán mi lọ."

"Kí lẹ máa wá fi pa ehoro, ṣé certificate yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wo iyàrá ìjókòó, mo rí Bàbá tí wọ́n ń fi ìka òsì júwe etí ehoro fún ọmọ wa. Ọmọ náà ń dá wọn lóhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì Dublin rẹ̀, wọn ò gbọ́ ara wọn yé tán, síbẹ̀ inú àwọn méjèèjì ń dùn. Mo ní ó dáa. Mo ní kí àpótí ìbọn má ṣe sún mọ́ press tí mo ń kó abọ́ sí, kó má sì wọ iyàrá ọmọ mi. Mo tún ní owó àga tuntun tí mo ti ń tò jọ nìkan la máa fi rà á, bí kò bá tó, ká gbàgbé rẹ̀. Ọkùnrin yìí gbá mi mọ́ra títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yìn ilé ọkùnrin arúgbó kan ní ìgbèríko ni wọ́n ti ń ta ìbọn náà, kò yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó tò wọ́n sórí tábìlì fún wa, ó ní fún ehoro, àwọn tí ọta wọn kéré tí kò sì wọ́n ló yẹ wá. Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan tó tuntun fún ọkọ mi, èyí tí èèyàn á máa fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá yìn ín, kí ọta míì tó wọlé. Ó ní ìyẹn ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pé kò sí nǹkan púpọ̀ lára rẹ̀ tó lè bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé àlòkù kan jáde tí ara igi ìdí rẹ̀ ti bó. Èyí ń ki ara rẹ̀. O bá ti yìn ín, ọta tó kàn ti wọlé fúnra rẹ̀, kí o ṣáà tún fa ohun tí wọ́n ń fà.

Mo yẹ àwọn méjèèjì wò bí mo ṣe máa ń yẹ ìkòkò wò lọ́jà. Mo wo ìsàlẹ̀ wọn, mo wo ibi tí wọ́n ti so mọ́ra, mo wá bi ọkùnrin náà léèrè èwo ló rọrùn láti fọ̀. Ọkọ mi fẹ́ fi ìtìjú wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n arúgbó náà ní ìbéèrè tó dáa ni, pé èyí tó ń ki ara rẹ̀ máa ń dọ̀tí ju èkejì lọ, pé bí wọn ò bá máa nù ún, á máa há. Ojú ẹsẹ̀ ni mo bọ́ sẹ́yìn ìbọn tí wọ́n ń fa irin rẹ̀.

"Mummy, ẹ gbọ́ ná," ni ọkọ mi wí. "Èmi ni mo mọ ara mi. Ọta àkọ́kọ́ máa tàsé, kò sí àní-àní. Kí n tó wá fa irin sẹ́yìn, ehoro á ti délé, á ti ròyìn mi fún ìyàwó ẹ̀."

Mo gbà. Ọkùnrin tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, bí Ọlọ́run bá sì fi ọ̀kan fún èèyàn, ó yẹ kí èèyàn máa gbà fún un nígbà míì. Arúgbó náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan iná wo inú ọ̀pá rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, bí wọ́n ṣe ń yọ àpò ọta rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi í padà, bí wọ́n ṣe ń wo igi ìdí bóyá ó ti sán. Ó ní igi tó bó kò ṣe nǹkan, pé ehoro kì í wo igi. A dúnàádúrà títí tí inú mi fi dùn, àfi ìgbà tó wá ku awò tí wọ́n ń gbé ka orí rẹ̀, ohun tí ń pa ohùn rẹ̀, àpò tí wọ́n ń gbé e sí, ọta, àti àpótí irin tí ìjọba ní ó gbọ́dọ̀ wà lára ògiri. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Awò àlòkù la mú, a fi ohun tí ń pa ohùn sílẹ̀, owó àga mi sì tán pátápátá. Àga àtijọ́ yẹn, tí irin inú rẹ̀ máa ń gún èèyàn nídìí, tún wà lọ́dọ̀ wa fún ọdún gbọọrọ.

Ní ilẹ̀ yìí, èèyàn á kọ́kọ́ mú ìbọn tó wù ú, á wá lọ tọrọ láísẹ́ǹsì ìbọn náà gan-an lọ́wọ́ gáàdì, ìyẹn ọlọ́pàá wọn, ìbọn á sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó tà á títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i. Nítorí náà ọwọ́ òfìfo la gbé délé. Ọkọ mi jókòó ti Bàbá, ó ń ṣàlàyé.

"Ta ni á máa bá ọ ki í?" Bàbá bèèrè.

"Ó ń ki ara rẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá ronú sí i. "Ó ń ki ara rẹ̀. Ìgbà wo wá ni ọdẹ ń rántí Ọlọ́run?"

A rẹ́rìn-ín. A rò pé àgbà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo bu tíì fún wọn, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lọ.

Gáàdì kan wá wo ibi tí a kan àpótí irin mọ́ nínú iyàrá wa. Ọmọkùnrin tí irun rẹ̀ pupa ni, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, ó sì jẹ púfùpúfù mi láìwojú ẹnìkan. Ó bi ọkọ mi ìdí tó fi jẹ́ irú èyí tó ń ki ara rẹ̀ ló fẹ́.

"Because I am going to miss the first one," ni ọkọ mi fèsì.

"Fair enough," gáàdì wí, ó sì mú púfùpúfù míì.

A ń dúró de láísẹ́ǹsì. Bàbá ṣì ń rù, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jí pẹ̀lú ìbéèrè. "Ìyàwó, ṣé ìwé ti dé?" ni wọ́n fi ń kí mi láàárọ̀. Wọ́n á jáde sẹ́yìn ilé, wọ́n á fi itọ́ ra ìka wọn láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń lọ, àwọn aládùúgbò wa á sì juwọ́ sí wọn. Nígbà tí ìwé dé, ọkọ mi gbé ìbọn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ìbọn yíyìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pátákó ló sì ń yìn títí èjìká rẹ̀ fi ń ro ó. Ó ní ọta òun ti ń ba pátákó díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a lọ sóko. Oòrùn ṣì wà lókè. Mo ti gé àlùbọ́sà sílẹ̀ nílé, mo ti lọ ata, mo ti bu irú sínú abọ́ kékeré. Èmi, Bàbá àti ọmọ wa jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì, a ṣí fèrèsé sílẹ̀, ọkọ mi sì dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà níwájú wa. Bàbá gbé ọwọ́ òsì lé orókún, wọn ò mira.

Ehoro kan jáde, ó jókòó. Mo gbọ́ ohùn ọkọ mi kedere, "Bísímíláàhì," lẹ́yìn náà ìró méjì tẹ̀ léra wọn, tá, tá. Erùpẹ̀ fò sókè ní ìdí kábéèjì. Ehoro fò, ó sì ṣubú. Kí ọkọ mi tó sáré débẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó ti kú pátápátá.

"You got it, Daddy!" ni ọmọ wa pariwo, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo fẹ́ sunkún. Ọkọ mi gbé e bọ̀, ó ń rìn bí ẹni tó pa ẹfọ̀n, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

Bàbá fi ọwọ́ kan irun ehoro náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìró méjì ni mo gbọ́. Èwo ló pa á?"

"Ìkejì ni, Bàbá."

"Bísímíláàhì mélòó lo ṣe?"

Mo rí ojú ọkọ mi. Ó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń bi í, èmi náà sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹran tí ìbọn bá pa láìjẹ́ pé wọ́n rí i dú, orúkọ Ọlọ́run tí wọ́n pè sórí ọta ló sọ ọ́ di jíjẹ, ti ọta kan kò sì ṣiṣẹ́ fún èkejì, bí wọ́n ṣe kọ́ Bàbá nìyẹn. Mo ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kó sọ pé méjì. Ta ló máa mọ̀? Ṣé ehoro ló máa jẹ́rìí ni?

"Ẹ̀ẹ̀kan, Bàbá," ni ọkọ mi wí. "Ó yá jù. Kó tó di pé mo lanu, ó ti lọ."

Bàbá mi orí. Wọn ò bá a wí. "Fún ajá àgbẹ̀," ni wọ́n sọ, wọ́n sì yí ojú síwájú.

Ajá náà jẹ ẹ́ tìdùnnútìdùnnú. Nígbà tí a délé, bí mo ṣe wọ ilé ìdáná, tí mo rí àlùbọ́sà tí mo ti gé, ẹnu mi ṣí. Mo ní owó àga mi ló wà nínú ikùn ajá yẹn. Mo ní ẹnìkan ń kú lọ lójú mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ju èékánná lọ ló dínà oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀yin náà ò sì lè sọ ọ́. Ọkọ mi dúró, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mi ò lè bọ́ bàbá mi ní irọ́," ó ní. "Ẹ máa bínú, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é."

Mo jókòó sórí àga, mo sunkún. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó gbé mi níyàwó lọ, mo sì tún ń bínú sí i pẹ̀lú.

Ògiri ilé wọn níhìn-ín fẹ́lẹ́, Bàbá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí.

"Ìyàwó, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìwọ lo jìyà, ajá ló jẹun. Má bínú sí mi." Mo ti ń kúnlẹ̀, mo ń ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde. "Nígbà tí mo bá ń da ẹ̀tù sínú ṣakabùlà, mo ń pe Ọlọ́run. Bí mo bá ń fi ọ̀pá gún un, mo ń ronú lórí ẹ̀mí tí mo fẹ́ gbà. Kí n tó yìn ín, ojú mi á ti walẹ̀. Ìbọn ọkọ rẹ dáa. Ó kàn ń yára ju ẹnu ni."

Wọ́n pe ọmọ wọn, wọ́n ní kó mú àpò ọta wá. Wọ́n ní kó máa yọ wọ́n, ó sì ń yọ wọ́n, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì, títí ó fi ṣófo.

"Fi ọ̀kan padà," ni Bàbá wí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a padà sóko. Ọta kan ló wà nínú ìbọn. Bísímíláàhì, tá, ó tàsé. Ọkọ mi dìde, ó yọ àpò ọta, ó mú ọta míì nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó fi í síbẹ̀, ó tún dojú bolẹ̀, a sì ń dúró títí ehoro fi tún jáde. Bísímíláàhì, tá, ó tún tàsé. Àgbẹ̀ náà wá dúró tì wá, ó fara ti géètì.

"Isn't that yoke able to load itself?" ó bi mí; yoke ni wọ́n ń pe nǹkankínǹkan níhìn-ín.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Inú ọkọ̀ níbẹ̀, mo rí i pé ètè Bàbá ń mì pẹ̀lú ti ọmọ wọn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yìn ín. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ehoro kan ṣubú tí kò dìde mọ́. Kò sí ẹni tó pariwo, ọmọ wa pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi gbé e wá, Bàbá kò bi í ní ìbéèrè kankan. Wọ́n kàn sọ pé, "Itan rẹ̀ ni tèmi."

Mo sun ún, mo sè é bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Bàbá jẹ itan náà, wọ́n fọ́ egungun rẹ̀, wọ́n fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀, wọ́n sì na abọ́ sí mi.

"Ṣé ó kù, Ìyàwó?"

Mo bu sí i.

Ọdún mélòó kan ni Bàbá tún lò pẹ̀lú wa lẹ́yìn ìgbà náà, ara wọn sì tún padà bọ̀ sípò. Nígbà tí ọjọ́ wọn pé, ilẹ̀ Dublin níhìn-ín la sin wọ́n sí.

Lẹ́yìn náà, àgbẹ̀ yẹn ta oko rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ó ránṣẹ́ sí wa pé ká wá fún ìgbà ìkẹyìn. Èmi àti ọkọ mi nìkan la lọ. Ó dojú bolẹ̀, ó ní Bísímíláàhì, ó yìn ín, ó sì tàsé. Ehoro náà kò sá. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò wá, èyíkéyìí nínú àwọn tó ń lo irú ìbọn yẹn ìbá ti tún fa á kíá. Kò sí nǹkan nínú tọkọ mi. Ó kọ́wọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ń wá ọta kan, ó sì bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ bíi tàtijọ́. Èmi náà yíjú wo ìjókòó iwájú tí Bàbá máa ń jókòó sí.